Bí a ṣe ń pààrọ̀ páìpù èéfín jíìpù nílé: ẹ gbé e kọ́ tán ná, kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ l'Ékòó kì í ṣe páìpù. Wọ́n á ra páìpù gidi, wọ́n á gbé e sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì ti fún nọ́ọ̀tì iwájú le koko kí wọ́n tó rántí pé ẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa kan ṣàsí gbàn-ùn gbàn-ùn ní gbogbo kòtò, tàbí kí ojú ìsopọ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Páìpù èéfín kì í ṣe ohun tí à ń kàn mọ́ ọkọ̀ bí ìṣó, ńṣe là ń gbé e kọ́. Ẹ́ńjìnnì ń mì lórí ijókòó tirẹ̀, páìpù sì ń tẹ̀ lé e. Irin náà ń gùn sí i bó ṣe ń gbóná: páìpù stainless 304 tó gùn tó mítà méjì, tí ooru rẹ̀ bá fi 300°C lé sí i, máa ń fi bíi mìlímítà 10 gùn ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Bí ẹ ò bá fún un láyè, yóò fipá wá àyè fúnra rẹ̀.

Jíìpù bíi Toyota 4Runner 4.0 V6, Prado àti Jeep Wrangler la ní lọ́kàn, àwọn tí wọ́n ń gbé lọ sínú yanrìn etíkun Ìbẹ̀jú, tí wọ́n sì ń gbé wọ inú omi Lẹ́kkí tí wọn ò bá tiẹ̀ fẹ́. Apá tí a ó pààrọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kátálísì, agolo tó ń fọ èéfín mọ́, títí dé ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ má fọwọ́ kan kátálísì àti ohunkóhun tó wà níwájú rẹ̀ nílé. Ẹni tó ní sípánà, tó sì ní sùúrù, lè parí iṣẹ́ yìí láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà. Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà ló máa pinnu bóyá mẹ́ta ni àbí mẹ́fà.

Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín ná

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ nígbà tó tutù. Lára ẹ́ńjìnnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì), apá kọ̀ọ̀kan ní páìpù àti kátálísì tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pàdé di ọ̀kan. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ ó rí fìláǹjì, irin pẹlẹbẹ méjì tí bóòtù mú pọ̀, tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà láàárín wọn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bóòtù yìí ní sípíríǹgì lára kí ojú ìdè náà lè máa yí díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni páìpù àárín, sàìlẹ́ńsà, àti páìpù ẹ̀yìn tó gun orí áàsù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kọjá kó tó yọrí síta. Ẹ ka iye rọ́bà tó gbé gbogbo rẹ̀ kọ́, ẹ sì fi fóònù ya ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Fọ́tò yẹn ni ẹ ó máa wò nígbà tí ẹ bá ń dá nǹkan padà.

Tòkunbọ̀ tún ní wàhálà mìíràn. Nínú kátálísì ni pílátínọ́ọ̀mù, pàládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù wà, owó ńlá sì ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ jíìpù fi ń dé ọwọ́ ẹni tó rà á pẹ̀lú páìpù lásán tí wọ́n jó mọ́ ibi tí kátálísì yẹ kó wà. Ẹ wá ojú jíjó tí kò jọ ti ilé iṣẹ́, ẹ fi èékánná lù ú kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí agolo òfìfo. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń tàn, ẹ jẹ́ kí rewáyà fi ẹ̀rọ kà á. P0420 túmọ̀ sí pé kátálísì ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ tàbí pé kò sí níbẹ̀ rárá. Páìpù tuntun lẹ́yìn kátálísì kì í tan iná yẹn, kì í sì pa á. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ tó ra nǹkan kan, torí páìpù tó fẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tí kò ní kátálísì á kàn máa pariwo kó sì máa rùn ni.

Rírà

Ẹ mú nọ́ńbà ṣàsí ọkọ̀ dání, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan. Páìpù Wrangler onílẹ̀kùn méjì kúrú ju ti onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú sípíríǹgì gíga, ẹ béèrè bóyá páìpù náà gbà á, torí áàsù máa ń rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí táyà bá gbéra nílẹ̀.

Ní Ládipọ̀, ní Òwódé-Onírin tàbí ní ASPAMDA ní Trade Fair, gbogbo páìpù tó bá ti ń dán ni wọ́n máa ń pè ní stainless. Ẹ fi òòfà kékeré sápò. Èyí tẹ́ ẹ yọ lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́ náà tó. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ 304 níbi tó tọ́, ó kàn lè fà á díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, 409 ni, oríṣi stainless mìíràn, tàbí irin lásán tí wọ́n pa alumíníọ́ọ̀mù lé lórí. 409 kì í ṣe ayédèrú o. Òun làwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò jù. Ojú rẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n kì í tètè lu. Àmọ́ ẹni tó ń gbé Ajáh tàbí tó ń lọ etíkun lóṣooṣù, 304 ló yẹ ẹ́, torí iyọ̀ òkun kì í fojúure wo irin. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ san owó 304 gbé 409 lọ sílé.

Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ pa ibi tí wọ́n ti tẹ páìpù. Ó yẹ kó rí roboto láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá rí i tó hunjọ tàbí tó rún wọ inú bí ìgò omi tí wọ́n tẹ̀, èéfín ò ní ráyè kọjá níbẹ̀, ohun tí ẹ torí ẹ̀ náwó ti lọ nìyẹn.

Fún ẹ́ńjìnnì 4.0, íǹṣì méjì àbọ̀ ti tó. Àwọn kan á ní íǹṣì mẹ́ta ló dáa jù. Ẹ má dá wọn lóhùn. Nínú páìpù tó fẹ̀ jù, eré èéfín á dín kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ jẹ́ẹ́, agbára ìsàlẹ̀ á sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbára ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni jíìpù nílò nínú yanrìn. Ká sọ òótọ́, páìpù ẹ̀yìn kátálísì nìkan ò lè fún ẹ́ńjìnnì tí wọn ò fọwọ́ kàn ní agbára tó pọ̀. Ìró, ìwúwo tó fúyẹ́, irin tó ń pẹ́, àti páìpù tó gbé ara sókè kúrò lọ́nà òkúta, ìwọ̀nyí ni ẹ ń sanwó fún.

Nípa sàìlẹ́ńsà: èyí tí ẹ lè wò já láti ẹnu kan dé èkejì máa ń pariwo, èyí tó ní yàrá yàrá nínú dákẹ́ díẹ̀. Bí kò bá sí agolo kékeré kejì lórí páìpù náà láti gbé ìró mì, ẹ lè gbọ́ òòò kan nínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń sáré lórí Third Mainland. Ìró yẹn máa ń fọ́ni lórí, kì í sì í dún rárá nígbà tí ọlọ́jà bá tan ẹ́ńjìnnì fún yín ní ìdúró. Ẹ má sì yọ sàìlẹ́ńsà kúrò pátápátá. VIO àti FRSC á rí yín bá wí, àwọn ará àdúgbò á sì ti bá yín wí ṣáájú wọn.

Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, bóòtù àti nọ́ọ̀tì tuntun, àti rọ́bà háńgà tuntun bí ti àtijọ́ bá ti là. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti rún dọ́gba pẹ̀lú fìláǹjì àtijọ́. Kò ní dọ́gba mọ́ tuntun. Fún ibi tí páìpù ti ń wọnú ara wọn, ẹ yan kíláǹpù onírin fẹ̀ǹfẹ̀. Èyí tó dà bí lẹ́tà U máa ń jẹ páìpù wọlé, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, filing machine ni yóò bá yín tú u.

Ohun èlò

Jáàkì gidi kan, sítáǹdì méjì tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, jáàkì kékeré kejì láti fi gbé sàìlẹ́ńsà ró. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 12, 14 àti 17, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, àti 22 bí sẹ́ńsọ̀ bá wà lára apá tí ẹ fẹ́ yọ. Tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, sípánà tó ń wọn bí ẹ ṣe fún nọ́ọ̀tì le tó, bí ẹ bá rí yá. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, òróró tí wọ́n fi ń tú ìpẹtà, òróró anti-seize, aláwọ̀ bàbà tàbí fàdákà, tí wọ́n ń fi sí ojú bóòtù kó má baà gan. Awò ojú, nítorí ìpẹtà á máa já bọ́ sójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbọ̀wọ́. Búkẹ́ẹ̀tì yanrìn kan àti ẹ̀rọ paná. Bí ẹ ó bá gé irin, ẹ tọ́jú filing machine àti dísíìkì tín-ín-rín onímìlímítà kan, kí ẹ sì tọ́jú ayùn ọwọ́ pẹ̀lú, torí wọ́n lè mú iná lọ nígbà tí ẹ bá gé e dé ìdajì.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyí, kì í ṣe àárọ̀. Nígbà tí páìpù bá ti tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú eyín bóòtù tó yọ síta lẹ́yìn nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá fo èyí, nọ́ọ̀tì á máa kó ìpẹtà jọ síwájú ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde, á sì gan. Ẹ wá fín òróró sí i, ẹ dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ tún fín in, kí ẹ tún fín in kí ẹ tó sùn. WD-40 lásán dáa ju asán lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní pàtó fún nọ́ọ̀tì tó gan ń wọlé jìnnà jù ú lọ.

Gbígbé ọkọ̀ sókè

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni ẹ wá. Interlock inú kọ́ńpáǹdì lè rì lábẹ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì, nítorí náà ẹ tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ fa ọwọ́ bíréèkì, ẹ fi igi dí táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Bí jíìpù bá ní gíà kékeré tó ń pín agbára sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ rí i pé kò sí ní Neutral, torí bó bá wà níbẹ̀, P tí ẹ fi gíà sí ò mú ọkọ̀ rárá.

Ṣàsí ni kí ẹ gbé, kì í ṣe áàsù. Bí ẹ bá gbé ṣàsí, áàsù á rọ̀ sílẹ̀, àyè á sì ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀ tí ẹ ó fi lè fa páìpù àtijọ́ jáde. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ ró. Búlọ́ọ̀kù ilé kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, jíìpù tó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù méjì sì wà lórí yín. Kí ẹ tó wọlé sábẹ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mi ọkọ̀ náà dáadáa. Bó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tí ẹ ṣì wà níta.

Títú ti àtijọ́

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kankan wà lára apá tí ẹ fẹ́ yọ. Bó bá wà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ níbi ìsopọ̀, kí ẹ sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 22 tú u. Ẹ má jẹ́ kí wáyà gbé ìwúwo kankan.

Ẹ gbé jáàkì kékeré sábẹ́ sàìlẹ́ńsà kó tó di pé ẹ tú nǹkan kan, torí sàìlẹ́ńsà àtijọ́ wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Nọ́ọ̀tì fìláǹjì wá kàn. Ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ sí i, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí, títí ẹ ó fi gbọ́ kẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tú u. Bó bá jáde díẹ̀ tó sì gan, ẹ dá a padà, ẹ fín òróró, ẹ tún tú u. Bí ẹni ń fa eyín ọmọdé ni, ẹ má fipá já a.

Bí kò bá gbọ́ rárá, iná ló kù, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí páìpù epo àti táǹkì wà kí ẹ tó tan iná. Òróró tí ẹ fín lálẹ́ náà lè gbiná, nítorí náà ẹ nù ún kúrò. Nọ́ọ̀tì ni kí ẹ mú gbóná, kì í ṣe bóòtù, kó lè fẹ̀ díẹ̀ kúrò lára bóòtù. Bí bóòtù bá já, ẹ má bínú sí i. Níbi tí bóòtù bá gba inú ihò fìláǹjì kọjá lásán, ẹ ó kàn gbá a jáde kí ẹ fi tuntun sí i. Bó bá jẹ́ pé inú irin ló ti hù jáde, ẹ fi dírílì lu àárín rẹ̀ gan-an, kékeré ná, kí ẹ tó fi èyí tó tóbi sí i, kí ẹ sì lo bóòtù àti nọ́ọ̀tì dípò rẹ̀.

Fún rọ́bà háńgà, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe gíríìsì tàbí òróró ẹ́ńjìnnì, torí òróró máa ń mú rọ́bà wú kó sì rọ̀. Ẹ yọ rọ́bà kúrò lára irin tó wà lára páìpù, kí ẹ jẹ́ kó dúró lára ti ṣàsí.

Ìṣòro tó kù ni páìpù tó gun orí áàsù. Ẹ gbìyànjú láti yí i jáde ná, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá dí i lọ́nà, ẹ lè tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kan kí áàsù lè rọ̀ sílẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ máa wo rọ́bà bíréèkì àti wáyà ABS (wáyà sẹ́ńsọ̀ bíréèkì) kí wọ́n má nà. Gígé ni kẹ́yìn. Páìpù tí ẹ ò bá gé, ẹ lè dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀. Bí gígé bá di dandan, ẹ fi aṣọ tó rin bo páìpù epo, ẹ jẹ́ kí iná tó ń fò kọjú sí ibi tí kò sí táǹkì, kí ẹnì kan sì dúró ti búkẹ́ẹ̀tì yanrìn.

Gbígbé tuntun kọ́

Ibí ni kí ẹ ti rọra. Ẹ to gbogbo páìpù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí wọ́n ṣe máa tò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ wé e. Àṣìṣe tó bá wà, ilẹ̀ ni kí ẹ ti rí i. Ẹ wo sàìlẹ́ńsà bóyá ọfà wà lára rẹ̀. Ibi tí ọfà kọjú sí ni ẹ̀yìn ọkọ̀. Bó bá ní ihò kékeré fún omi, ihò náà ní láti kọjú sílẹ̀.

Láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kí ẹ máa gbé wọn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, fìláǹjì, bóòtù tí ẹ ti fi òróró pa eyín rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi yí nọ́ọ̀tì títí tó fi mú, kí ẹ dúró níbẹ̀. Páìpù àárín, ọwọ́ lásán. Sàìlẹ́ńsà, ọwọ́ lásán. Páìpù ẹ̀yìn, bákan náà. Kíláǹpù gbọ́dọ̀ ti wà lórí páìpù kí ẹ tó kì í bọ inú èkejì; gbogbo ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí ló máa ń gbàgbé ọ̀kan ó kéré tán. Níbi tí páìpù ti ń wọnú ara wọn, kí ó wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bó bá dín sí ìyẹn, yóò jò, tàbí kó yọ jáde lójú ọ̀nà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọ̀ kọ́, tó ṣì ń mì, ẹ wá wo àyè tó yí i ká. Sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ ló kéré jù láàárín páìpù àti irin ọkọ̀. Níbi rọ́bà bíréèkì, páìpù epo, wáyà ABS àti sípíà táyà tó wà lábẹ́ 4Runner, kí ó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pùròpẹ́là náà ń mì sókè sódò pẹ̀lú áàsù, nítorí náà ẹ má wò ó ní ojú kan.

Àyè orí áàsù ló ń tan ènìyàn jẹ. Nígbà tí ọkọ̀ wà lórí sítáǹdì, áàsù ti rọ̀ sílẹ̀, àyè náà á sì dà bí pápá. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, áàsù á gòkè wá, àyè á pòórá. Ẹ fi plasticine ọmọ iléèwé, tàbí inú búrẹ́dì Agége tí ẹ rún di òkòtó, lẹ̀ mọ́ orí áàsù níbi tí páìpù ti gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ rọra sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹni méjì tó sanra jókòó sẹ́yìn kí wọ́n máa tì í sókè sódò. Ẹ tún gbé e sókè kí ẹ wo òkòtó náà. Bí páìpù bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé, yóò máa kan áàsù ní gbogbo kòtò. Ẹ yí páìpù díẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè pẹ̀lú jáàkì lábẹ́ áàsù, kí ẹ wo apá kejì. Báyìí ni áàsù ṣe máa ń yí nínú yanrìn. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ wo bóyá rọ́bà bíréèkì ń súnmọ́ páìpù.

Rọ́bà háńgà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bí ọ̀kan bá nà síwájú tí èkejì nà sẹ́yìn, páìpù wà ní ibi tí kò yẹ kó wà, kíláǹpù ló sì ń fipá mú un síbẹ̀. Ẹ sún páìpù wọlé tàbí síta níbi ìsopọ̀ títí gbogbo wọn á fi sinmi. Nígbà tí páìpù bá gbóná, á gùn sẹ́yìn, nítorí náà bí rọ́bà ẹ̀yìn bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ nígbà tó tutù, kò burú.

Fífún un le

Ìwọ̀n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí táyà tàbí kí áàsù wà lórí sítáǹdì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn, ẹ sì máa yẹ àyè wò lẹ́yìn kíláǹpù kọ̀ọ̀kan, nítorí kíláǹpù lè yí páìpù bó ṣe ń mú. Ẹ fún bóòtù fìláǹjì díẹ̀ lápá kan, díẹ̀ lápá kejì, kí ojú méjèèjì lè pàdé ní dọ́gba. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tó bá páìpù wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ìwé ò bá sí, bóòtù M10 fìláǹjì máa ń gba bíi 40 sí 50 Nm. Bóòtù onísípíríǹgì yàtọ̀: ẹ yí i títí dé ibi tí ọrùn rẹ̀ ti dúró, kó tán síbẹ̀. Ẹ má fún sípíríǹgì pa.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi aṣọ tó ní acetone tàbí thinner nu gbogbo páìpù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ìka ọwọ́ tó ní òróró máa ń jóná mọ́ stainless, àmì rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́.

Ìdánwò

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe èyí, kì í ṣe inú gáréèjì tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gáàsì olóró inú èéfín (carbon monoxide) tó ń pa ìdílé lójú oorun nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ̀rídọ̀ kan náà ló ń jáde níbí, kò lóòórùn, kò sì ní àwọ̀.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù. Ẹ fín omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀ kí páìpù tó gbóná, kí ẹnì kan fi àkísà tó nípọn dí ẹnu páìpù díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ibi tó bá ń jò á máa yọ ìfófòó. Ìró tíkí tíkí tíkí tó ń yára bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì epo náà jẹ́ àmì jíjò. Bó bá ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí afẹ́fẹ́ òde á máa wọlé, sẹ́ńsọ̀ á máa purọ́ fún brain box, ọkọ̀ á sì máa jẹ epo.

Èéfín funfun díẹ̀ àti òórùn òróró ní ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan; òróró tó kù lára páìpù ló ń jó. Ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ tún wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ fún gbogbo nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tún ṣe é lẹ́yìn bíi kìlómítà 100. Àwọn tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ló ń padà wá sọ pé páìpù náà ò dáa.

Bí nǹkan ò bá lọ déédéé

Bó bá ń kan nígbà tí ẹ bá wọ kòtò nìkan, orí áàsù tàbí sípíà táyà ni. Wá ojú tó ń dán lára irin, ibẹ̀ ló ti ń kan. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ dúró tí gíà wà ní D, ẹ́ńjìnnì ń fa páìpù: rọ́bà kan ti nà jù tàbí kí fìláǹjì le jù. Bí ẹ bá ń gbóòórùn èéfín nínú ọkọ̀, ẹnu páìpù ẹ̀yìn ò jáde kọjá ara ọkọ̀ tó, tàbí kí rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti gbó. Ẹ má máa ṣí fèrèsé gẹ́gẹ́ bí oògùn. Ẹ wá orísun rẹ̀.

Bí ó bá di dandan kí ẹ pe wẹ́dà, ẹ yọ orí bátìrì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì de wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ páìpù náà gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fẹ́ jó, kì í ṣe mọ́ ṣàsí lọ́hùn-ún. Ẹ béèrè ọ̀pá tó fẹ́ lò. Ọ̀pá irin lásán tí wọ́n fi ń jó gééètì, bó bá fi jó stainless, ojú jíjó á dípẹtà, á sì là ṣáájú páìpù. Stainless 304 mọ́ 304, 308L ni. Stainless mọ́ irin lásán, 309L ni. Àwọn kan lẹ́bàá ọ̀nà á sọ pé àwọn máa jó háńgà mọ́ ṣàsí tààrà kó lè dúró gbọn-in. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ wakọ̀ yín lọ.

Omi àti iyọ̀

Bí ẹ bá wọ omi tó bo ẹnu páìpù, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn tó ń jáde ni kò jẹ́ kí omi wọlé. Bó bá kú sínú omi, omi á kún sàìlẹ́ńsà, ẹ gbọ́dọ̀ fà á jáde, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣàn kí ẹ tó tún un tan. Ẹ má sáré wọ omi pẹ̀lú páìpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti gbígbóná bọ̀, bí ẹ bá lè yẹra fún un, torí seramíìkì inú sẹ́ńsọ̀ lè là bí omi tútù bá bù ú. Bí ẹ bá ti etíkun dé, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù tán, kí ẹ fi omi kànga tí kò ní iyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀, pàápàá orí sàìlẹ́ńsà níbi tí yanrìn máa ń jókòó sí. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ fọwọ́ yẹ nọ́ọ̀tì kíláǹpù wò.